Ìbéèrè Yín Lórí Àwọn Ẹyẹ Inú Ọgbà

Lẹ́tà lórí ẹyẹ ló pọ̀ jù lọ́tẹ̀ yìí, mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí mo ti ń da búrẹ́dì sórí pákó kan nínú ọgbà mi pé kẹ́yẹ wá jẹ ẹ́, ẹyẹ kankan ò yọjú, eku ló ń wá jẹ ẹ́ lóru. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i, ẹyẹ kì í déédéé bà síbi tí kò mọ̀, á kọ́kọ́ máa wò ó látòkèèrè, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èyí àkọ́kọ́ tó wá, tí ìyẹn bá ti jẹun tí nǹkan kan ò ṣe é, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi búrẹ́dì yẹn sílẹ̀. Á kàn kún wọn níkùn ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n lóore. Jéró dáa, hóró sunflower dáa, ẹ̀pà tí ò níyọ̀ náà dáa, àmọ́ ẹ ṣa ẹ̀pà yẹn dáadáa o, torí èyí tó bá ti bu lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ó sì ń pa ẹyẹ. Nǹkan oníyọ̀, ṣokoléètì àti píà, ẹ má gbé e síta fún wọn rárá. Ní ti eku, ìwọ̀nba tí wọ́n á jẹ tán kílẹ̀ tó ṣú ni kẹ́ ẹ máa gbé síta, kẹ́ ẹ sì gbá èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀ kúrò.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù ni pé omi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ. Ẹyẹ lè rí oúnjẹ níbòmíì, omi tó mọ́ tó sì rọrùn láti mu ló sábà máa ń ṣòro fún wọn láti rí. Ẹ wá abọ́ tó tẹ́jú, tí inú ẹ̀ ò yọ̀, kí omi inú ẹ̀ má jìn ju sẹ̀ntímítà 5 lọ, kẹ́ ẹ gbé òkúta sáàárín ẹ̀ kí àwọn kéékèèké ríbi dúró. Ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko tó ga, torí ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí ìyẹ́ ẹ̀ ṣì tutù kì í lè fò dáadáa, ibi tí ológbò á sì lúgọ sí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń fín oògùn kòkòrò sára òdòdó, ẹ jàre, ẹ dáwọ́ dúró. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ hóró gan-an, kòkòrò ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi ń bọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá ti pamọ nítòsí yín, ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò wọ́n: ìyá á bà sórí ẹ̀ka, kòkòrò tútù kan á máa jà pìtìpìtì lẹ́nu ẹ̀, á wọ̀tún, á wòsì, kó tó já wọnú ewé lọ bá àwọn ọmọ. Á tún jáde lọ wá òmíì lójú ẹsẹ̀. Inú ọgbà tí wọn ò ti fín oògùn ló ti ń rí ìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹyẹ ń forí sọ gíláàsì fèrèsé wa. Mo ti lẹ àwòrán àṣá kan mọ́ ọn, kò dá wọn dúró.

Ìdáhùn: Àwòrán kan ò lè tó. Igi àti ojú ọ̀run tó hàn nínú gíláàsì lẹyẹ ń rí, ó rò pé ọ̀nà ni. Ẹ fi àmì tóótòòtóó sí gbogbo ojú gíláàsì yẹn láti ìta, kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ntímítà 5 lọ. Èyí tó bá forí sọ ọ́ tó dákú, ẹ gbé e sínú páálí tó nihò, kẹ́ ẹ bò ó, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fún un lómi, tó bá tó nǹkan bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ ṣí i níta wò.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọmọ mi gbé ọmọ ẹyẹ kan wálé, mílíìkì là ń fún un. Wọ́n ní téèyàn bá ti fọwọ́ kàn án, ìyá ẹ̀ ò ní gbà á mọ́.

Ìdáhùn: Irọ́ ni, ìyá ẹ̀ á gbà á. Ẹ má fún un ní mílíìkì mọ́, ikùn ẹyẹ ò lè lò ó, ẹ má sì kán omi sí i lẹ́nu, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ wo ara ẹ̀. Tó bá ti ní ìyẹ́ tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún kiri, kò sọnù o, ó ń kọ́ bó ṣe máa fò ni, àwọn òbí ẹ̀ á máa bọ́ ọ nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i, sórí ẹ̀ka tí ọwọ́ ológbò ò lè tó, kẹ́ ẹ ti ológbò tiyín mọ́lé. Tí ara ẹ̀ bá ṣì wà níhòòhò, inú ìtẹ́ lẹ máa dá a padà sí. Tí ológbò bá ti gbé e sẹ́nu rí, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lónìí, kódà tẹ́ ò bá rójú ọgbẹ́, nítorí kòkòrò àrùn inú itọ́ ológbò máa ń pa wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹyẹ kan máa ń wá síbi oúnjẹ, ó wú rùmùrùmù, kì í sá téèyàn bá sún mọ́ ọn. Ṣé òtútù ló mú un?

Ìdáhùn: Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àìsàn ló ń ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ti ń jẹun pọ̀ ni àrùn bíi salmonella ti ń ràn. Mo mọ̀ pé á dùn yín, àmọ́ ẹ kó gbogbo abọ́ oúnjẹ àti omi kúrò níta fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè fọ́n ká, wọ́n á wá oúnjẹ lọ síbòmíì. Ẹ fi ọṣẹ fọ àwọn abọ́ náà, kẹ́ ẹ rẹ wọ́n sínú bílíìsì ìwọ̀n 1 sí omi ìwọ̀n 9, kẹ́ ẹ ṣàn án dáadáa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kó tó padà síta. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀, torí àrùn yẹn lè ran èèyàn. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú ẹyẹ bíi mélòó kan nílẹ̀, ẹ má fọwọ́ lásán gbé e, ẹ pe àwọn tó ń rí sí àrùn ẹran ládùúgbò yín.