Ṣé kẹ̀kẹ́ ológeere ṣeé gùn ní erékùṣù Gberefu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ ológeere wa láti Ọ̀jọ́ lọ sí Àgbádárìgì, ká wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu, ká sì gùn ún dé etí òkun. Táyà méjì nínú kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀ dáadáa, ẹ̀kẹta jẹ́ ti eré ìje, táyà rẹ̀ tín-ín-rín. Ṣé awakọ̀ á gbà wá? Kí la gbọ́dọ̀ mú dání?

ÌDÁHÙN: Awakọ̀ á gbà yín, bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wọlé. Omi kọ́ ni ìṣòro yín, yanrìn ni. Ọ̀sà yẹn kò fẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kì í lò tó ìṣẹ́jú 15 kó tó gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti èbúté Gberefu dé etí òkun, níbi àrèmabọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Point of No Return, yanrìn ni ẹ ó máa tẹ̀ láàárín igi àgbọn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á lò tó ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ eré ìje yẹn, ẹ má gbé e sọdá. Táyà tí kò ju mìlímítà 25 tàbí 28 lọ, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ le koko, bí ọ̀bẹ ló ṣe ń wọ yanrìn gbígbẹ. Ẹ ò sì lè dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù: bó bá rọ̀, rímù á tẹ túùbù mọ́ ilẹ̀, á sì lu ihò méjì sí i bí ìgbà tí ejò bá buni ṣán. Inú ìlú ló wúlò fún. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ́ ní 1845, ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842, àti ọjà ẹrú Vlekete, gbogbo wọn kò jìn síra wọn. Ẹ fi í ṣe tibẹ̀, kí ẹ tó tì í mọ́ ibi tó ní aṣọ́nà.

Ti onítáyà fífẹ̀ ló yàtọ̀. Bí táyà náà bá fẹ̀ tó íǹṣì 2, ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté Gberefu títí yóò fi ku bí 18 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Ẹni tó bá sanra kó fi í sí 22. Táyà tó rọ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrù ara yín á tàn ká orí yanrìn, kò ní rì. Ẹ ti yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí ẹ tó kó sínú yanrìn, torí bí ẹ bá dúró láàárín rẹ̀ kí ẹ tó yí i, ṣéènì lè já bọ́. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn, ẹ wo ọ̀ọ́kán, ẹ má ṣe já ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì. Bíréèkì iwájú ló ń gbéni ṣubú jù níbẹ̀. Yanrìn tí òjò pa lóru le ju èyí tí oòrùn ti sá lọ, àárọ̀ kùtù sì sàn ju ọ̀sán lọ. Kí ẹ sì máa yẹra fún imọ̀ àgbọn gbígbẹ: ó máa ń há sínú sípóòkù. Ẹ gbé pọ́ọ̀ǹpù dání o, torí ẹ ó tún fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun ọ̀dà.

Ní etí òkun, ibi tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò ló máa ń le bí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀. Ibẹ̀ dùn ún gùn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìgbì gba kẹ̀kẹ́ yín. Ẹ má sì lúwẹ̀ẹ́. Omi òkun yẹn máa ń fa ènìyàn lọ.

Wíwọ ọkọ̀ wá ńkọ́? Kí ẹnìkan kọ́kọ́ wọlé, kí ẹnìkejì na kẹ̀kẹ́ sí i. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ léjìká wọkọ̀, torí ọkọ̀ máa ń sún kúrò létí èbúté lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Ẹ yọ táyà iwájú, ẹ tẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí apá tí ṣéènì wà kọjú sókè, kí ohun tó ń yí jíà má baà tẹ̀. Bó bá jẹ́ bíréèkì olóròóró, ẹ fi páálí kékeré há àárín páàdì rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì fún ọwọ́ bíréèkì láìsí táyà níbẹ̀, páàdì á pa dé. Àárín ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́ yẹ kó wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo yín ni kẹ́ ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì di okùn rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ dúró.

Ẹ dúnàádúrà owó ènìyàn àti owó kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àlọ àti àbọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀, ẹ má san owó àbọ̀ ṣáájú, ẹ sì rí i pé ẹ ti padà dé èbúté ṣáájú agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fọ kẹ̀kẹ́, kó má di ọ̀la, torí iyọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó tó mú ṣéènì dógùn-ún. Garawa kan àti àkísà tó. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìfọ-mọ́tò tó ń tú omi pẹ̀lú agbára, yóò ti yanrìn wọ inú bẹ́ríǹgì. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé ṣéènì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù sára rẹ̀ kúrò. Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì ti ki jù fún un, gbogbo yanrìn ilé yín ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn.