Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ẹ̀yin Tó Ń Kó Ogun Jọ fún Ìlú Àròsọ Tí Wọ́n Ti Ń Sọ Nahuatl

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tó dé la ó dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ àtàwọn tó ń ṣe géèmù ló kọ ọ́, ìlú tí wọ́n sì ń fọkàn yà jọra: ìlú tí èdè ibẹ̀ jẹ́ Nahuatl, èdè àwọn Mexica, ìyẹn àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Aztec ní ilẹ̀ Mẹ́síkò àtijọ́, tí olú ìlú wọn ń jẹ́ Tenochtitlan. Ohun tí àwọn Mexica ṣe gan-an la ó fi wọn ìtàn yín.

Ọba inú ìtàn mi ní ọmọ ogun 100,000. Wọ́n fi oṣù méjì rin ilẹ̀ ọ̀tá kí wọ́n tó dé ìlú tí wọ́n fẹ́ gbà. Ṣé ó ṣeé gbà gbọ́?

Pípọ̀ wọn kọ́ ni wàhálà, oúnjẹ ni. Kí àwọn ará Sípéènì tó dé, kò sí ẹṣin, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kò sí màlúù ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Àgbá kẹ̀kẹ́ pàápàá, ara ohun ìṣeré amọ̀ ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀yìn aláàárù, tí wọ́n ń pè ní tlameme, ni gbogbo ẹrù ogun wà. Ẹrù ẹnì kan tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 23. Àgbàlagbà kan sì ń jẹ àgbàdo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kìlógíráàmù 1 lójúmọ́, nítorí náà ẹrù kan á bọ́ ẹnì kan fún nǹkan bí ọjọ́ 24. Ṣùgbọ́n aláàárù náà ní ikùn. Bí aláàárù kan bá wà fún jagunjagun méjì, ẹnu mẹ́ta ló ń jẹ nínú ẹrù kan: ọjọ́ 8, ó tán. Bí ẹ bá sọ ọ́ di aláàárù kan fún jagunjagun kan, ọjọ́ 12 péré lẹ máa rí, èrò ojú ọ̀nà á sì ti pọ̀ sí i.

Ojú ọ̀nà náà tún wà níbẹ̀. Bí ọmọ ogun 8,000 bá ń rìn ní méjì-méjì, tí mítà 2 wà láàárín ìlà kan sí èkejì, ìtò wọn á gùn tó kìlómítà 8, a ò tíì ka aláàárù. Ti 100,000 á tó kìlómítà 100! Àwọn tó wà níwájú á ti máa jà kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó kúrò nílé. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan máa gbéra lójúmọ́.

Àwọn Mexica máa ń ránṣẹ́ ṣáájú sí àwọn ìlú tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n to oúnjẹ sílẹ̀ de ogun. Ẹ jẹ́ kí oṣù méjì náà gba irú ìlú bẹ́ẹ̀ kọjá. Ibi tí ilẹ̀ ọ̀tá bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa ka ọjọ́ 8: ọjọ́ 4 fún àlọ, ọjọ́ 4 fún àbọ̀, àfi bí wọ́n bá rí àká ọ̀tá kó. Ẹ tún wo oṣù tí ẹ mú. Lẹ́yìn ìkórè, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, ni ogun ńlá máa ń jáde, torí àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun. Bí tiyín bá jáde nínú òjò oṣù Keje, ẹni tó mọ̀ á bi yín pé ta ló ń roko.

Oyè wo ni kí n fún àwọn ọ̀gágun mi?

Ẹ fi kọ́nẹ́ẹ̀lì àti mejọ̀ sílẹ̀. Ogún-ogún ni àwọn Mexica ń ka nǹkan: 20, 400, 8,000. Ẹgbẹ́ 8,000 ni xiquipilli. Àdúgbò, ìyẹn calpulli, ló ń kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wá lábẹ́ olórí àti àsíá tirẹ̀. Tlacateccatl àti tlacochcalcatl wà lára àwọn ọ̀gágun tó ga jù.

Iye ènìyàn tí jagunjagun bá mú láàyè ló ń gbé e ga. Ọmọkùnrin tí kò tíì mú ẹnì kankan á ṣì ní ìdì irun lẹ́yìn orí, gbogbo ìlú á sì máa rí i. Ẹni tó bá mú mẹ́rin ti di tequihua, ẹni ńlá ni. Wọn kì í fi òǹdè ta ara wọn lọ́rẹ: ikú ni ìjìyà ẹni tó bá fún ẹlòmíràn ní èyí tó mú, torí irọ́ oyè ni.

Ṣé idà olókùúta wọn lè gé irin?

Rárá. Macuahuitl kì í ṣe idà bí a ṣe mọ idà. Igi pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n gbẹ́ ihò tóóró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n wá fi oje lẹ abẹ obsidian mọ́ ọn. Òkúta dúdú bíi dígí tó ti inú òkè ayọnáyèéfín wá ni obsidian. Ó mú ju irin lọ, ó sì ń la ẹran ara wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bó bá kan irin tàbí eegun líle, etí rẹ̀ á fọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni abẹ wà, nítorí náà ohun ìgéǹkan ni, kì í ṣe ohun ìfigún. Tepoztopilli, ọ̀kọ̀ tí abẹ to sí lórí, ni wọ́n fi ń gún.

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń fojú kéré wọn jù ni ẹ̀wù ogun. Wọ́n á tẹ òwú tí wọn kò ran sáàárín aṣọ méjì, wọ́n á rán an káàkiri títí á fi nípọn tó ìka kan sí méjì. Ìyẹn ni ichcahuipilli. Ó ń dá ọfà dúró dáadáa débi pé ọ̀pọ̀ ará Sípéènì bọ́ ẹ̀wù irin tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì wọ ọ́: ó fúyẹ́, kì í sì í mú ooru tó irin.

Kí ló dé tí ogun wọn fi máa ń tú ká bí ọ̀gá kan bá kú?

Ariwo ojú ogun kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àṣẹ ẹnu, nítorí náà ìlù, fèrè ìkarahun òkun àti àsíá ni wọ́n fi ń darí ogun. Ẹ̀yìn olórí gan-an ni wọ́n ń di àsíá náà mọ́ lórí igi, ibi tó bá yà sí ni àwọn tirẹ̀ ń yà sí. Ní Otumba, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1520, àwọn ẹlẹ́ṣin Cortés, ọ̀gágun àwọn ará Sípéènì, já lu olórí tó gbé àsíá ńlá, wọ́n pa á, wọ́n gba àsíá náà, àwọn ọmọ ogun Mexica sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí ogun tiyín tú bẹ́ẹ̀, ẹ yan ẹni kejì tó ní ìlù àti àsíá tirẹ̀, kí ẹ sì fi í síbi tó jìnnà sí olórí.