Kí ẹ tó ra ẹ̀bùn fún tíṣà, ẹ tún róstà yín tò

Màdáámù Fáìsì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú oríire ipò igbákejì pírínsípà tuntun. Ìbéèrè yín yé mi dáadáa: wọ́n gbé yín wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan lápá Ọbáńtókò, ẹ bá àwọn tíṣà tí iṣẹ́ ti sú, bí agogo ìparí bá ti dún báyìí kò sẹ́ni tí ẹ tún lè rí. Pírínsípà ní kí ẹ wá nǹkan ṣe sí i, kò sì fún yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wá ń rò ó pé kí ẹ dá ẹ̀bùn “tíṣà tó ta yọ jù lóṣù yìí” sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a sílẹ̀. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo dàgbà sí ní Abẹ́òkúta níbí, láti tíṣà lásán dórí àga fáìsì, kí n tó fi ipò pírínsípà fẹ̀yìn tì. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí. Aago ara ògiri ni wọ́n ń fúnni. Ẹni àkọ́kọ́ gbà á, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹni kejì gbà á, wọ́n ní ọmọ ìjọ ọ̀gá ni. Nígbà tó fi máa kan ẹni kẹta, àwọn méjì tí wọ́n ti jọ ń jẹun láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kò kí ara wọn mọ́ ní yàrá tíṣà. Nítorí aago tí wọ́n rà ní Kútọ̀!

Ohun tó ń tán tíṣà lókun kì í ṣe ọmọ kíkọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì fẹ́ràn kíláàsì. Àwọn nǹkan tó yí kíláàsì ká ni: dúútì tí wọ́n tò láìronú, mítíìnì tí kì í tán, òbí tó ń bú wọn lójú ọmọ. Ẹ mú méjì mẹ́ta nínú rẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn, ẹ ó rí i bí ojú wọn ṣe máa tú ká.

Róstà, ìwé tí a fi ń pín dúútì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fà yọ. Ẹ béèrè ibi tí oníkálukú ń gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó mọ́tò ti di nǹkan tí tíṣà ń ṣírò kó tó sùn. Ẹ óò rí i pé ẹnì kan ń ti Ifọ̀ bọ̀, ẹnì kan ń ti Wásinmi, ẹni tó sì ní inú ìlú lòun ń gbé, kẹ̀kẹ́ méjì ló ń wọ̀ kó tó dé. Kí ló wá dé tí ará Ifọ̀ á fi ní dúútì gẹ́ètì láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí mọ́tò máa ń ṣọ̀wọ́n jù? Bí mo ṣe to tèmi nìyí: àwọn tó ń gbé nítòsí ló ni gẹ́ètì àárọ̀ Mọ́ńdè àti Túsìdeè, àwọn ará ọ̀nà jíjìn ló ni àbójútó bíréèkì àti ìgbà tí àwọn ọmọ ń gbá ọgbà. Kí ó má bàa dà bíi pé mo ń fìyà jẹ ará ìtòsí, wọn ò ní dúútì kankan lọ́jọ́ Fúráìdè. Ìlà pupa tó ń fi ẹni tó pẹ́ dé hàn nínú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí láàárọ̀ ò yí padà o, wákàtí tí mo ń fà á tẹ́lẹ̀ náà ni mo ń fà á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún bá mi jà lórí ẹ̀ mọ́.

Mítíìnì ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò lẹ́yìn agogo ìparí. Tíṣà tó ní ọmọ kékeré nílé ẹ̀kọ́ míì, ara rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ yín, ọkàn rẹ̀ ti wà ní gẹ́ètì ọ̀hún. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, lákòókò bíréèkì, lórí ìdúró. Ìkéde tó ṣeé kọ, ẹ kọ ọ́ sára pátákó.

Nóòtù tíṣà tí wọ́n ń kó wá fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin fáìsì lẹ ni ín, ibẹ̀ ni agbára yín wà tí ẹ ò tíì mọ̀. Ọ̀pọ̀ fáìsì kàn ń fọwọ́ sí i ni, wọ́n á kọ déètì, wọ́n á dá a padà. Tíṣà sì mọ̀ pé wọn ò kà á, ìdí nìyẹn tí ó fi ń da nóòtù ọdún tó kọjá kọ. Ẹ mú ẹyọ kan nínú wọn lójúmọ́, kí ẹ kà á tán, kí ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo tó fi hàn pé ẹ kà á. Kì í ṣe “ó dára” o. Tíṣà bàyọ́lọ́jì wa kọ́ SS2 bí ewéko ṣe ń bí ọmọ láìsí èso. Ó já ewé àbámodá wá láti ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú abọ́ lórí fèrèsé, àwọn ọmọ ń wò ó lójoojúmọ́ bí ewé kéékèèké ṣe ń hù jáde létí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú nóòtù rẹ̀ pé, “Mo yọjú sí àbámodá yín lánàá. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi.” Lọ́jọ́ kejì ló fi ìwé náà han gbogbo yàrá tíṣà. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n wá wo kíláàsì àwọn náà.

Àwọn tíṣà tí PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ń sanwó fún ńkọ́, ṣé ẹ ní wọn níbẹ̀? Ẹ má ṣe ètò ìwúrí kankan tí ẹ kò bá tíì lọ bá alága PTA kí ó san gbèsè tó jẹ wọ́n. Èyí ò fẹ́ ọgbọ́n. Ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́rùn yín, ìyìn yín ń bí i nínú ni.

Ti òbí ló le jù, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá aládìrẹ kan wọlé wá láti Ìtòkú lọ́jọ́ kan, aró ṣì dúdú lọ́wọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá yìí kò ya ọ́fíìsì, kò ya yàrá tíṣà, SS1 ló gbà lọ tààrà. “Ìwọ dà? Ìwọ tí owó oṣù ẹ ò lè ra fóònù yẹn!” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń pa tíṣà, kì í ṣe èébú ìyá náà.

Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo kí i bí a ti ń kí ìyá lọ́jà. “Ẹ kú ọrọ̀ ajé, Ìyá. Ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, ẹ jẹ́ ká lọ.” Mo bu omi fún un, mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Àṣé òun gan-an ló ni fóònù, òun ló fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, ọmọ jí i gbé jáde láàárọ̀. Mo rí ìdí tí ara fi kan án. Mo dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé. Mo wá sọ fún un pé lójú ọmọ lẹ ti bú tíṣà, ojú ọmọ náà la ó ti parí ẹ̀. Ó wò mí títí, ó dìde. Nígbà tí a dé SS1, ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú, inú ló bí mi.” Tíṣà náà kúnlẹ̀ kí i, torí ọjọ́ orí, ìyá sì fà á dìde.

Ẹ kíyè sí i pé n ò ránṣẹ́ pe tíṣà wá sí ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń bà á jẹ́: òbí á jókòó, tíṣà á dúró, ọ̀gá á máa bi í léèrè bí adájọ́. Ó sì yẹ kí àwa ará Abẹ́òkúta mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti tó jẹ́ pírínsípà Abeokuta Grammar School láti 1932 sí 1954, òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT ní nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbẹnu sọ fún tíṣà nígbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yẹn wá bá mi pé òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ní àríyànjiyàn ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa ṣe é.

Ẹ tún rántí fáìlì. Tí tíṣà bá ṣe nǹkan gidi, ẹ bá pírínsípà sọ ọ́ kó kọ lẹ́tà ìyìn, kí ẹ̀dà kan wọ fáìlì rẹ̀. Bébà kan péré ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò ìgbéga, bébà yẹn á bá a sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù APER ọdọọdún náà, èyí tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ tíṣà, ẹ má fi pamọ́ kọ. Ẹ pe tíṣà jókòó, kí ẹ jọ kà á. Mo mọ tíṣà tó ti ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi ń funfun, tí kò sẹ́ni tó bá a jókòó ti fọ́ọ̀mù yẹn rí.

Ọjọ́ Olùkọ́ Àgbáyé tó ń bọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ẹ má fi aṣọ ẹgbẹ́ dandan há wọn lọ́rùn. Ẹni tí ò tíì san owó ilé, ẹ ní kó lọ ra adìrẹ! Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ sísè ro láfún pẹ̀lú ewédú, kí wọ́n fi ṣe pírákítíkà wọn, kí tíṣà jókòó kí ọmọ bu oúnjẹ fún un.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà o, wọ́n á rò pé ẹ ń wá ipò pírínsípà. Róstà ni kí ẹ mú ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Tí ẹ bá ti kọ orúkọ tíṣà àti àdúgbò wọn sílẹ̀, ẹ gbé e síbí, kí ẹ yọ orúkọ, kí ẹ fi àdúgbò nìkan sílẹ̀, màá bá yín tò ó.