"Ẹyin ní ń dàkùkọ": kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa wo ṣóńṣó ẹyin o

Ẹ ní ẹnì kan ṣàlàyé fún yín pé "ẹyin ní ń dàkùkọ" túmọ̀ sí pé àtinú ẹyin lèèyàn ti ń mọ akọ, pé èyí tórí ẹ̀ bá ṣe ṣóńṣó àkùkọ ni, èyí tó bá rí roboto abo ni, ẹ wá ń bèèrè bóyá òótọ́ ni, torí òròmọdìẹ yín tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Àlàyé yẹn máa ń bí mi nínú gan-an, torí ó ba òwe jẹ́, ó tún ń ṣi ẹni tó ń sin adìẹ lọ́nà.

Bí ẹyin ṣe rí ò kan akọ tàbí abo. Krómósómù, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá nínú ara, ló ń pín in, oríṣi méjì tí wọ́n ń pè ní Z àti W ni, ti àkùkọ jẹ́ Z méjì, ìyá adìẹ ló ní Z kan àti W kan, ọ̀dọ̀ ìyá lọ̀rọ̀ ti ń parí kí èèpo tó bo ẹyin rárá. Aristotle ará Gíríìsì àtijọ́ náà kọ ọ́ pé abo ló ń wà nínú ẹyin gígùn tó ṣe ṣóńṣó, òdìkejì ohun tí wọ́n sọ fún yín, èwo la fẹ́ mú níbẹ̀?

Tèmi ni pé orí àìmọ̀ gan-an lòwe yẹn dúró lé. Àwọn àgbà wo ẹyin, wọn ò rí ogbe, wọn ò rí ìrù, wọn ò gbóhùn, ohun tó máa jí gbogbo ilé láàárọ̀ wà níbẹ̀, ó dákẹ́ bí òkúta. Ìdí tí wọ́n fi ní ká má fojú kéré ọmọdé nìyẹn. Tójú lásán bá lè mọ̀ ọ́n, kí la fẹ́ fòwe ṣe? Ẹ tiẹ̀ gbọ́ orúkọ ná: a ní àkùkọ, a ní àgbébọ̀, àmọ́ òròmọdìẹ ò ní takọ ò ní tabo, òròmọdìẹ ṣáá ni. Àwọn tó fún un lórúkọ ti sin adìẹ rí.

Mo ní ọ̀kan dúdú nígbà kan, ó ní funfun díẹ̀ lápá, gbogbo ilé ń pè é lábo torí ó jẹ́jẹ́. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ 6, mo gbé e sọ́wọ́, ogbe ẹ̀ ti nípọn, ó ti ń pọ́n, tàwọn tí wọ́n jọ pa ṣì kéré, kò láwọ̀. Mo sọ ọ́, wọn ò gbà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló na ọrùn, ó lanu, ohùn kan fà jáde bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Wọn ò jiyàn mọ́.

Ẹ̀yà náà ń dani láàmú o. Akọ Sebright ń ní ìyẹ́ bíi tabo, Silkie ń pẹ́ kó tó fara hàn, ọmọ Plymouth Rock aláwọ̀ ìlà-ìlà lẹ lè fojú bù lọ́jọ́ kìíní, àmì funfun orí takọ máa ń tóbi ju tabo lọ. Abólọ́rùn, takọ tabo ni wọ́n bó lọ́rùn, ìyẹn ò sọ nǹkan kan.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa ìsinsìnyí ò gbé adìẹ sọ́wọ́ mọ́, fọ́tò la fi ń bèèrè, ẹni tí ò rí i rí á sì dáhùn gbọn-in.

Tiyín yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ títí di bí ọ̀sẹ̀ 12, kẹ́ ẹ wo ìyẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ́bàá ìrù nínú oòrùn. Tó bá gùn, tó sì ṣe ṣóńṣó, àkùkọ ni. Tẹ́nu ìyẹ́ bá rí roboto, abo ni, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yà bíi Sebright.