Ẹ má tíì dáwó tíráńsífọ́mà yẹn o

Ẹ̀gbọ́n tó ní wọ́n kó àwọn sí Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù lọ tówó iná wọn sì wọ́n jù, àmọ́ iná táwọn ń rí ò tó ìdajì ọjọ́, tíráńsífọ́mà tún wá jó, àwọn oníléeṣẹ́ iná wá ní káwọn lándílọ́ọ̀dù dáwó ra òmíì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì mú kọ́bọ̀ sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa nígbà tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa, èmi ni mò ń gbé fáìlì kiri, ojú mi rí nǹkan.

Band yẹn, fídà ni wọ́n fi ń kà á, wọn kì í fi ilé tàbí àdúgbò kà á. Fídà ni wáyà ńlá tó ti substation wá, ìyẹn ibùdó ńlá tí wọ́n ti ń pín iná, agbára ẹ̀ lè jẹ́ 11kV tàbí 33kV, òun ló ń gbé iná fún ọ̀pọ̀ tíráńsífọ́mà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lórúkọ. Ìdí nìyẹn táwọn tó wà lódìkejì títì fi lè wà ní Band C kẹ́yin wà ní A. Ẹ bi àwọn tó ń gun òpó ládùúgbò yín, wọ́n mọ orúkọ ẹ̀ dáadáa, torí lẹ́tà tí ò bá lórúkọ fídà nínú, wọn ò ní kà á kọjá ìlà kejì.

Láti 2020 ni wọ́n ti ń pín iná báyìí: A wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ní April 2024 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣòfin iná, wá sọ owó Band A di náírà 225 fún kilowatt-hour kan, nígbà tó di May ó wálẹ̀ sí 206.80, ó tún gòkè díẹ̀ sí 209.50 lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ayé ló pariwo owó yẹn, àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn ló ka ìyókù àṣẹ tí NERC fi gbé e jáde. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí iná fídà Band A ò bá pé fún ọjọ́ méjì léra, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fáwọn oníbàárà kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀, tó bá wá di ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já fídà náà wálẹ̀ sí Band tí iná ẹ̀ bá mu.

Ibi tọ́rọ̀ wá le sí rèé o. Àwa ní ìwé tá a fi ń kọ ìgbà tíná dé àtìgbà tó lọ, màmá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń bá wa kọ ọ́, màmá yẹn kì í fi ìṣẹ́jú kan ṣeré. A gbé ìwé dé ilé iṣẹ́ iná, wọ́n gbé tiwọn jáde, tiwọn pé wákàtí 20! Mo rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa, àṣé substation ni wọ́n ti ń kà á. Fídà níná, tíráńsífọ́mà tiwa ni ò dáa, lójú ìwé tiwọn a ti rí iná gbà. Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń ṣe ẹ̀yin náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ méjì lẹ lù pọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà lọ́tọ̀ fún wákàtí iná, kẹ́ ẹ kọ òmíì lọ́tọ̀ fún tíráńsífọ́mà tó jó. Kẹ́ ẹ sì máa sàmì sáwọn ọjọ́ tí gírìdì, ìyẹn wáyà ńlá tó so iná gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, bá wó lulẹ̀ pátápátá bó ṣe ń ṣe lemọ́lemọ́ ní 2024, torí ẹ̀bi ìyẹn kì í ṣe tiwọn, tẹ́ ẹ bá kà á mọ́ ọn wọ́n á fi ba gbogbo ìwé yín jẹ́.

Ó wá kan tíráńsífọ́mà. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná ni láti pààrọ̀ ẹ̀. Òfin gbà pé àdúgbò lè fowó ara ẹ̀ rà á, àmọ́ àgírímẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ wà KÍ OWÓ TÓ JÁDE, iye tẹ́ ẹ ná àti bí wọ́n ṣe máa dá a padà á wà nínú ẹ̀. Àdúgbò kan tí ò jìnnà sí wa ra tiwọn láìsí ìwé kankan, kò pẹ́ tí wọ́n fi so àwọn míì mọ́ ọn, wọn ò sì lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ torí ó ti di ti ilé iṣẹ́. Nígbà tá a béèrè àgírímẹ́ǹtì, máníjà ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. A tẹ òfin yẹn jáde, a kó o lọ, ohùn ẹ̀ yí padà. A ṣì wà nínú òkùnkùn fún ìgbà pípẹ́ ṣá o, mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn lándílọ́ọ̀dù kan ń sọ pé mo ti gba rìbá. Èyí tí wọ́n gbé wá nígbẹ̀yìn, wọ́n tún wáyà inú ẹ̀ we ni, kì í ṣe tuntun, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ dòní. Owó crane tàbí owó òpó tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san sí àkáǹtì ọmọọṣẹ́ kan, ẹ má dá a lóhùn rárá.

Kẹ́ ẹ sì ṣèpàdé kẹ́ ẹ tó béèrè pé kí wọ́n já yín wálẹ̀. Ìjà ńlá lèyí dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ iná olówó pọ́ọ́kú, ìyá tó ń ta ẹja tútù ní tí wọ́n bá já wa sí C òun á kó lọ, àwọn méjèèjì ló lẹ́jọ́ rò.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa gbé ẹjọ́ lọ, ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà kan fún yín pẹ̀lú déètì. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ọ́fíìsì NERC ló kàn, àmọ́ látìgbà tí òfin iná 2023 ti dé, àwọn ìpínlẹ̀ bí Èkìtì, Oǹdó, Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ ti ní àjọ tiwọn, tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sí NERC ní Àbújá, wọ́n kàn máa dá yín padà ni. Ẹ sọ ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ wà, màá fi bá a ṣe kọ lẹ́tà tiwa ránṣẹ́.