Ìbéèrè nípa àṣà: Kí ni "gígé apá ẹ̀wù" nínú ìtàn ilẹ̀ Ṣáínà?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹni tó kọ̀wé sí wa ń ka ìwé ìtàn àròsọ kan tí wọ́n gbé ka ìtàn ààfin Ṣáínà àtijọ́, níbi tí ọba kan ti fẹ́ràn ọ̀dọ́kùnrin kan dé góńgó. Ó ní ọ̀rọ̀ "apá ẹ̀wù tí a gé" ń jáde ṣáá nínú ìwé náà, kò sì sẹ́ni tó là á yé òun. Ó tún ní nígbà tí òun ka ohun tí àwọn tó ti ka ìwé náà ń sọ, ọ̀rọ̀ rú òun lójú. Àwọn kan ní òyìnbó ló kó irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ Ṣáínà, pé òǹkọ̀wé ló fi ìgbà tiwa há ìgbà àtijọ́ lẹ́nu. Àwọn mìíràn ní kò sí ẹni tó rí nǹkan burúkú nínú rẹ̀ nígbà yẹn, pé ilẹ̀ ìtura ni Ṣáínà jẹ́ fún ọkùnrin tó bá fẹ́ràn ọkùnrin. Àwọn kẹta ń bínú pé kí ló dé tí ọ̀dọ́kùnrin náà fi níyàwó. Ó wá béèrè pé ta ló tọ̀nà.

Kí n tètè sọ ọ́: àwọn àkọ́kọ́ kò tọ̀nà rárá, àwọn kejì sì gba ìdajì òtítọ́ mú bí ẹni pé odindi ni. Ti àwọn kẹta, ó gba àlàyé.

Òǹkọ̀wé kọ́ ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Inú Hanshu ló ti wá, ìwé ìtàn ìjọba Han tí Ban Gu kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ban Zhao, sì bá a parí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọba tí ọ̀rọ̀ kàn ni Ai, tó gorí oyè ní ọdún 7 ṣáájú ìbí Kristi. Ọ̀dọ́kùnrin náà ni Dong Xian. Ó ti wà lára àwọn ẹmẹ̀wà nígbà tí Ai ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ. Lẹ́yìn tí Ai jọba, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kéde aago ní àgbàlá ààfin. Ibẹ̀ ló dúró sí tí ọba fi rí i láti òkè, tí ojú ọba sì dá a mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba mọ́: wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan náà, wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń jí.

Ní ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì sùn lọ́sàn-án. Ẹ̀wù ìgbà Han fẹ̀ lápá gan-an. Apá ẹ̀wù ọba tẹ́ sílẹ̀, Dong Xian sì sùn lé e. Ọba jí, ó fẹ́ dìde, àmọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ṣì wà lójú oorun. Bó bá fa aṣọ náà, yóò jí i. Ló bá gé apá ẹ̀wù ara rẹ̀, ó dìde, ó fi ọmọ náà sílẹ̀ kó máa sùn. Ban Gu kò lò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Ó kàn fi kún un pé ibi tí ìfẹ́ náà lágbára dé nìyẹn. Láti inú gbólóhùn díẹ̀ yìí ni gbogbo Ṣáínà ti rí orúkọ fún ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin. Bí ìwé kan bá ní ẹnì kan "jẹ́ ẹni gígé apá ẹ̀wù", ohun tó ń sọ nìyẹn.

Ìtàn kejì tí ẹ máa bá pàdé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ti píìsì àjẹkù (èso kan ni píìsì). Ó dàgbà ju ti apá ẹ̀wù lọ, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ jù ú lọ torí ó jinlẹ̀. Han Fei, onímọ̀ tó kú ní ọdún 233 ṣáájú ìbí Kristi, ló sọ ọ́ nípa Mi Zixia, ààyò Ling, olórí ilẹ̀ Wei, ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ tó wà ní Ṣáínà ayé ìgbà yẹn. Àwọn méjèèjì ń rìn nínú ọgbà. Mi Zixia já píìsì kan jẹ, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì gbé ìyókù fún olúwa rẹ̀. Ling ní ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe fẹ́ràn òun tó, ó gbàgbé ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ kó lè fún òun jẹ. Ní òru ọjọ́ mìíràn, wọ́n wá sọ fún Mi Zixia pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó parọ́ pé Ling ló pàṣẹ, ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ààfin, ó sì lọ. Gígé ẹsẹ̀ ni ìjìyà ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Wei. Ling tún yìn ín: ọmọ tó mọyì ìyá ni, ó gbàgbé pé wọ́n lè gé ẹsẹ̀ òun. Nígbà tó yá, ẹwà Mi Zixia ṣá, ìfẹ́ tutù, ó sì ṣẹ olúwa rẹ̀. Ling ní: ṣebí ẹni yìí náà ló fèrú gbé kẹ̀kẹ́ mi, òun náà ló sì gbé àjẹkù fún mi jẹ.

Mi Zixia kò ṣe ohun tuntun kankan. Ọkàn ẹni tó lágbára ló yí padà. Ẹ sì wo ohun tí Han Fei fi ìtàn náà kọ́ni: kò bá ọkùnrin méjì wí pé wọ́n fẹ́ra. Àwọn tó fẹ́ máa gba ọba nímọ̀ràn ló ń bá sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọba fẹ́ràn wọn tàbí ó kórìíra wọn kí wọ́n tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ai, torí ohun tó dun àwọn akọ̀wé ìtàn Han wọnú eegun kì í ṣe oorun ọ̀sán yẹn. Ohun tó tẹ̀lé e ni. Ọba fẹ́ fi oyè ńlá àti ilẹ̀ dá Dong Xian lọ́lá. Wang Jia, olórí àwọn ìjòyè, kọ̀. Ó fi èdìdì dí ìwé àṣẹ náà, ó dá a padà fún ọba. Nínú ohun tó kọ sí ọba, ó pa òwe kan táwọn ará ìlú ń pa: ẹni tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń nàka sí, yóò kú láìṣàìsàn. Wọ́n ti Wang Jia mọ́lé. Kò jẹun mọ́, ó ń pọ ẹ̀jẹ̀, ó sì kú sẹ́wọ̀n ní ọdún 2 ṣáájú ìbí Kristi.

Dong Xian di balógun àgbà gbogbo ilẹ̀ Han lẹ́ni ọdún 22. Nígbà tí Chanyu, olórí àwọn Xiongnu tó ń da ẹran ní pápá ìhà àríwá, wá kí ọba, wọ́n se àsè fún un. Ó wò yíká, ó rí balógun tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún, ó sì bi ògbufọ̀ léèrè. Ọba ní kí ògbufọ̀ dáhùn pé lóòótọ́ ló kéré lọ́jọ́ orí, ọgbọ́n rẹ̀ tó pọ̀ ló gbé e débẹ̀. Àlejò náà dìde, ó foríbalẹ̀, ó bá ilẹ̀ Han yọ̀ pé wọ́n rí irú ìjòyè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìjòyè àgbà tó jókòó níbẹ̀ ló gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.

Ní àsè mìíràn, ọtí ti wọ ọba lára. Ó wo Dong Xian, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Mo fẹ́ ṣe bí Yao ti ṣe fún Shun, báwo lẹ ṣe rí i sí?" Yao ni ọba ayé àtijọ́ tí wọ́n ní ó gbé ìtẹ́ kọjá ọmọ bíbí inú rẹ̀, tó gbé e fún Shun nítorí ìwà àti ọgbọ́n rẹ̀. Wang Hong dáhùn láàárín àwọn ìjòyè pé ilẹ̀ Han jẹ́ ilẹ̀ Gaozu tó dá a sílẹ̀, kì í ṣe ohun ìní Kábíyèsí. Àtọmọdọ́mọ ló gbọ́dọ̀ gbà á. Ọmọ Ọ̀run, bí wọ́n ṣe ń pe ọba Ṣáínà, kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹni tó bá mọ bí àwọn afọbajẹ ṣe ń bá ọba sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ọba fajúro, wọ́n sì ní kí Wang Hong jáde.

Ní ọdún 1 ṣáájú ìbí Kristi, Ai kú láìní ọmọ. Wang Zhengjun, ìyá àgbà ààfin, ránṣẹ́ pe Wang Mang ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Dong Xian, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì para wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìbẹ̀rù mú kí ẹbí sin wọ́n lóru. Wang Mang rò pé ẹ̀tàn ni, ó ní kí wọ́n hú pósí náà, kí wọ́n gbé e wá sẹ́wọ̀n kí wọ́n lè yẹ òkú wò. Wọ́n ta dúkìá ìdílé náà, owó ẹyọ tó wọlé sì jẹ́ bílíọ̀nù 4.3. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zhu Xu, tí Dong Xian ti ṣe lóore rí, ló ra pósí àti aṣọ, tó tún òkú náà sin. Wang Mang wá ẹ̀sùn mìíràn sí i lẹ́sẹ̀, ó pa á. Ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Kristi, Wang Mang fúnra rẹ̀ gba ìtẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ohun tí ayé ìgbà náà rò, ìdájọ́ Ban Gu ni kẹ́ ẹ kà. Ó ní ẹwà tó ń yí ọba lórí kì í ṣe ti obìnrin nìkan, ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ó ní àwọn ààyò wọ̀nyí kò gba ọ̀nà tó tọ́ wọlé, ipò wọn ju agbára wọn lọ, kò sì sí èyí tó rí ìgbẹ̀yìn rere nínú wọn: ìfẹ́ tí a fẹ́ wọn ló pa wọ́n. Ó wá ní ọba kì í fi ipò ìjọba ta ẹni tó wù ú lọ́rẹ. Ẹ̀sùn náà nìyẹn. Ó gbé Dong Xian sí orí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú obìnrin ààfin tó bá ń fi ojú rere ọba gba oyè fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹni tó bá wá ní òyìnbó ló kó ìfẹ́ yìí dé Ṣáínà, kó ka Hanshu. Kó sì rántí Matteo Ricci, àlùfáà ọmọ Ítálì tó dé Ṣáínà ní nǹkan bí 1582. Ńṣe ló ń kọ̀wé sílé pẹ̀lú ìkórìíra pé òun bá a níbẹ̀, ó sì dùn ún pé àwọn èèyàn ò fi pa mọ́.

Síbẹ̀, mi ò lè tẹ̀lé àwọn tó ń pè é ní ilẹ̀ ìtura. Òfin ìjọba Qing, ìdílé ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Ṣáínà, tí wọ́n tẹ̀ ní 1740 fi ìjìyà sí ìbálòpọ̀ ọkùnrin méjì, kódà bó bá tọkàn àwọn méjèèjì wá: ọgọ́rùn-ún pàṣán àti oṣù kan nínú àjàgà igi lọ́rùn. Kí òfin yẹn tó dé pàápàá, ẹ wo àwọn tí ìtàn dárúkọ. Ọba àti ẹmẹ̀wà, olúwa àti ìránṣẹ́. Báwo ni ẹni tó ń kéde aago lágbàlá ṣe fẹ́ kọ̀ fún Ọmọ Ọ̀run? Hanshu kò sọ ohun tó wà lọ́kàn Dong Xian fún wa. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, mo sì gbóríyìn fún èyí tó bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìrònú, tí kò kàn fi òdòdó bò ó. Ti àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin kò pọ̀ nínú ìwé ààfin, torí ọkùnrin ló ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ló sì ká wọn lára.

Ó ku ti ìyàwó. Nílẹ̀ Ṣáínà ìgbà yẹn, kéèyàn má bímọ tí yóò máa bọ àwọn baba ńlá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí òbí. Mencius, onímọ̀ Ṣáínà àtijọ́, sọ pé nínú ìwà àìmoore mẹ́ta sí òbí, àìní àrólé ló burú jù. Nítorí náà ìgbéyàwó jẹ́ gbèsè ìdílé, kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí ọkàn ń fẹ́. Dong Xian níyàwó, ọba sì jẹ́ kí obìnrin náà máa gbé inú ààfin pẹ̀lú rẹ̀. Ọba tún fẹ́ àbúrò Dong Xian obìnrin, ó gbé e sí ipò tó tẹ̀ lé ti olorì àgbà. Òǹkọ̀wé tó bá yọ ìyàwó kúrò nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló ṣe ohun tí ìgbà náà kò mọ̀. Inú tó ń bí àwọn òǹkàwé yẹn yé mi, torí kò sẹ́ni tó bi obìnrin náà léèrè ohun tó fẹ́, òun náà sì bá ọkọ rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni kí wọ́n bá wí, kì í ṣe ìwé.

Ẹ tún béèrè bóyá èébú ni ọ̀rọ̀ náà lónìí. Nínú ìtàn àròsọ ìgbà ìjọba Ming àti ti Qing tó tẹ̀lé e, ẹni tó ń sọ ọ́ àti ohùn tó fi sọ ọ́ ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn kan ń lò ó bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àìsàn, àwọn kan sì ń fi ṣe ewì. Àwọn ará Ṣáínà òde òní tí ọ̀rọ̀ náà kàn kì í sábà fi pe ara wọn. Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn ni tongzhi, tó túmọ̀ sí "kọ́múrèèdì". Bẹ́ ẹ bá wá rí gígé apá ẹ̀wù nínú ìwé tuntun, ẹ mọ̀ pé ààfin Ai ni òǹkọ̀wé ń nàka sí, pẹ̀lú oorun ọ̀sán yẹn àti ẹ̀wọ̀n tí Wang Jia kú sí.