Ṣé ká kó àwọn ọmọ lọ sí Paestum?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Naples là ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́wàá àti mẹ́fà la ní. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀gbọ́n nípa àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ nílé ìwé, ni kò bá jẹ́ ká gbádùn mọ́, àfi ká lọ wo tẹ́ńpìlì. Paestum, ìlú àtijọ́ àwọn Gíríìkì tó wà ní gúúsù Naples níbí ní Ítálì, ló wà lọ́kàn mi, ká lọ láàárọ̀ ká dé lálẹ́, ṣùgbọ́n a ò ní mọ́tò. Baálé mi sì ń bèèrè pé kí ni ọmọ onígbàgbọ́ ń wá nílé òrìṣà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ lọ jàre. Ká ní Pompeii lẹ dárúkọ ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí àbúrò dàgbà díẹ̀ sí i, torí odindi ìlú nìyẹn, á ti rẹ ọmọdé kẹ́ ẹ tó rìn ín dé ìdajì. Tẹ́ńpìlì mẹ́ta ló wà ní Paestum, wọ́n dúró gbagidi lórí pápá, ojú ọmọ á tó wọn látòkèèrè.

Rélùwéè Regionale ni kẹ́ ẹ wọ̀ ní Napoli Centrale. Ó lé ní wákàtí kan díẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ló ń dúró ní Paestum o, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kẹ́ ẹ sì ti mọ aago èyí tó máa gbé yín padà. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé lẹ rà, ẹ fi ẹ̀rọ lù ú lóǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn gba Porta Sirena, ẹnubodè ìlú àtijọ́ náà, wọlé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó.

Tẹ́ńpìlì tí wọ́n ń pè ní Basilica ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 550 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n ka òpó iwájú rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Mẹ́fà ló sábà máa ń wà níwájú irú tẹ́ńpìlì bẹ́ẹ̀, kí àyè lè ṣí sílẹ̀ láàárín. Ti ibí yìí, òpó kan ló dúró sí àárín gbùngbùn, òmíràn sì tún tò wọnú ilé lọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n là á sí méjì. Ẹ jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ wá ibi tí èèyàn ń gbà wọlé. Àbúrò ní tiẹ̀ á máa fi àwọn òpó náà rẹ́rìn-ín, torí wọ́n yọ ikùn.

Ibòòji ò pọ̀ níta, nítorí náà tí oòrùn bá ti kàntàrí, ẹ wọ mùsíọ́ọ̀mù. Ìdérí ibojì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n wú jáde lọ́dún 1968. Abẹ́ rẹ̀, níbi tó kọjú sí òkú, ni wọ́n ya ọkùnrin kan sí ní ìhòòhò, ó ti fò sókè, orí ló fi ń bọ̀ sínú omi. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè.

Ní ti baálé yín, ẹ sọ fún wọn pé àwọn Kristẹni sọ tẹ́ńpìlì Athena, òrìṣà Gíríìkì kan, tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, di ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó yá, wọ́n tiẹ̀ sin òkú tiwọn síbẹ̀. Tí wọn ò bá gbà síbẹ̀, kí wọ́n dúró sílé, kí wọ́n máa se oúnjẹ alẹ́ dè yín.